Obìnrin Inú Adágún àti Àwọn Olùsìn Rẹ̀

Àwọn Yorùbá a máa wí pé ọmọ ni aṣọ. Obìnrin tí kò bí, bí ó tilẹ̀ wọ àrán, ìhòhò ni ayé kà á sí. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a ka Efuru tán, ìwé ìtàn tí Flora Nwapa kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1966. Ọmọ Ìgbò ni òǹkọ̀wé yìí; ní Ògúta ni a gbé bí i ní 1931, ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1957, ó sì di olóògbé ní 1993.

Efuru, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé náà, jẹ́ arẹwà, ọmọ ènìyàn pàtàkì, ọwọ́ rẹ̀ sì dára fún òwò. Ó fẹ́ Adizua, ó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ọmọ náà kú, ọkọ sì bá obìnrin mìíràn lọ. Ó tún fẹ́ Gilbert, ẹni tí ó ti lọ sí ilé-ìwé. Síbẹ̀ kò rí ọmọ bí. Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí lá àlá Uhamiri, òrìṣà obìnrin tí àwọn ará ìlú gbà pé ó ń gbé ìsàlẹ̀ adágún omi wọn. Adáhunṣe túmọ̀ àlá náà pé òrìṣà ti yàn án. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ Orie bá pé, aṣọ funfun ni yóò wọ̀. Kì yóò jẹ iṣu, kì yóò sì sún mọ́ ọkọ rẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan wí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò yẹ ilé-ìwé ìjọ, nítorí ó gbé òrìṣà ga. A rò pé wọn kò kà á dé òpin. Kí àlá tó dé rárá ni Efuru ti ń jèrè lọ́jà. Ta ni yóò wá búra pé Uhamiri ni ó fún un lówó? Òǹkọ̀wé kò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Òṣogbo, ọmọ ni àwọn obìnrin ń tọrọ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n Uhamiri kò ní ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹwà àti ọrọ̀ nìkan ni ó ní láti fi fún ẹni. Kí ni àwọn obìnrin ń sìn ín fún nígbà náà? Ìbéèrè yìí gan-an ni ìwé náà fi parí, kò sì dáhùn rẹ̀.

Ìdáhùn tiwa nìyí. Kí òrìṣà tó pè é, àgàn ni Efuru lẹ́nu ará ìlú. Lẹ́yìn ìpè náà, ó di ẹni tí a yàn. Aṣọ funfun náà bo ohun tí ọmọ ì bá bò.

Ìwé náà ní àbùkù tirẹ̀. Nígbà tí Efuru ń ṣàìsàn, Gilbert gba òfófó gbọ́ pé ó ṣe panṣágà. Ìyípadà ọkàn yìí yá jù. A kò pèsè olùkà sílẹ̀ fún un tó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn obìnrin dùn ún kà, Ajanupu sì ta yọ nínú wọn. Ìbátan ọkọ àtijọ́ ni, síbẹ̀ òun ni ó dìde gbèjà Efuru, nígbà tí ọkọ tí ó mọ̀wé ń tẹ́tí sí ẹlẹ́jọ́. Kí àwa olùkọ́ kíyè sí èyí.

Ní ìjọ kan tí a ti sìn rí, arábìnrin kan tí kò bímọ fi wá sílẹ̀, ó lọ sí odò. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, a wàásù kíkankíkan lórí ìbọ̀rìṣà. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó bi í léèrè ohun tí àwọn ìyá ìjọ ń sọ sí i létí ní gbogbo ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bí a bá ti ka irú ìwé yìí ṣáájú ọjọ́ náà, bóyá ilé rẹ̀ ni à bá kọ́kọ́ lọ kí a tó gun orí àga ìwàásù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì òkè kà á, kí olùkọ́ sì bá wọn wá ìdáhùn sí ìbéèrè ìparí rẹ̀.