‘Violence’ Di ‘Gewalt’: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Kan Tí Ó Ru Ẹrù Méjì Nínú Iṣẹ́ Ògbufọ̀

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá wá ọ̀rọ̀ náà ‘violence’ nínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Jámánì yóò bá ‘Gewalt’ pàdé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọn yóò sì pa ìwé dé. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ògbufọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èrò wa ni pé ‘Gewalt’ tọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ ‘violence’, ṣùgbọ́n kì í dá dúró dáadáa. Ó nílò ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò pààlà fún un. Bí kò bá rí i, òǹkàwé kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó ní àṣẹ àti ẹni tí ó kàn ń fi ipá jẹ gàba.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló kan olùkọ́ Yorùbá nínú èdè Jámánì. Ó kàn wá nítorí pé àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ ni a ń sọ fún wọn ibi tí àṣẹ olùkọ́ parí sí, àti ibi tí ìwà ipá ti bẹ̀rẹ̀. Èdè tí ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì yóò kọ́ wa ní ohun púpọ̀.

Ẹrù Méjì Tí Gewalt Rù

Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ‘walten’, tí ó jẹ mọ́ ṣíṣe àkóso, ni ‘Gewalt’ ti jáde. Ohun tí èdè Látìnì pè ní ‘violentia’ àti ohun tí ó pè ní ‘potestas’, abẹ́ òrùlé kan náà ni èdè Jámánì kó wọn sí. Nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Jámánì ti ọdún 1949, Abala 20 fi yé wa pé ọ̀dọ̀ ará ìlú ni gbogbo ‘Staatsgewalt’ ti ń wá. Ẹni tí ó bá fi ‘violence’ túmọ̀ rẹ̀ yóò sọ pé ará ìlú ni orísun ìwà ipá ìjọba! Àṣẹ ìjọba ni òfin náà ń sọ. Bákan náà, ‘Gewaltenteilung’ ni pípín agbára ìjọba láàárín aṣòfin, aláṣẹ àti adájọ́. Nínú ìwé àdéhùn, ‘höhere Gewalt’ ni ohun tí ó ju agbára ẹ̀dá lọ, bí omíyalé tàbí ilẹ̀ ríri.

Síbẹ̀, ‘häusliche Gewalt’ ni ìwà ipá inú ilé, ‘Vergewaltigung’ sì ni ìfipábánilòpọ̀. Níbi tí a dé yìí, Yorùbá àti Jámánì ronú bákan náà: àwọn méjèèjì fi ipá sí inú ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Ọ̀rọ̀-àpèjúwe tún dí ọ̀nà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin oníjàgídíjàgan ni ‘gewalttätig’; ẹni tí ó bá pè é ní ‘gewaltig’ ti yìn ín ní alágbára ńlá. Ikú tí a fi ipá pa ènìyàn ni ‘gewaltsam’. Ẹ̀fọ́rí tí ó le tàbí àríyànjiyàn tí ó gbóná, ‘heftig’ ni. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ‘violent’, ni ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta báyìí.

Ẹ̀rí Láti Inú Bíbélì

Martin Luther mọ ẹrù tí ọ̀rọ̀ yìí rù. Nínú Róòmù 13:1, níbi tí a ti sọ pé kí olúkúlùkù tẹríba fún àwọn tí ó wà nípò, ‘Gewalt’ ni ó lò fún ohun tí àwọn wọ̀nyí ní lórí ènìyàn. Nígbà tí ó dé Jẹ́nẹ́sísì 6:11, níbi tí ayé ti bàjẹ́ ṣáájú ìkún omi, tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James sì kọ ‘violence’, ‘Frevel’ ni Luther kọ, èyí tí ó jẹ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti àfojúdi. Bíbélì Jámánì ti àwọn Kátólíìkì ní ọ̀rúndún ogún sọ ọ́ di ‘Gewalttat’: wọ́n so ‘Tat’, ìyẹn ìṣe, mọ́ ‘Gewalt’ kí ó má baà dàbí àṣẹ. Nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, ‘ìwà-agbára’ ni ó wà níbẹ̀. Ògbufọ̀ Yorùbá náà rí i pé agbára lásán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. ‘Ìwà’ ni ó fi sọ ọ́ di ẹ̀sùn.

Àkọlé Ìwé Méjì

Ní ọdún 1970 ni ìwé Hannah Arendt, ‘On Violence’, jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Jámánì ni Arendt. Ó sá kúrò níbẹ̀ ní 1933, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 1941. Kókó ìwé náà ni pé kí a má ṣe da agbára, okun, àṣẹ àti ìwà ipá pọ̀. Lójú rẹ̀, agbára jẹ́ ti àwọn ènìyàn tí ó para pọ̀ ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ni ìwà ipá gbójú lé. Ẹnì kan tí ó gbé ìbọn lè mú kí ogún ènìyàn gbọ́ràn, ṣùgbọ́n kò tíì ní agbára.

Ní ọdún 1970 kan náà ni ìtumọ̀ èdè Jámánì jáde, ‘Macht und Gewalt’. A gbóríyìn fún àkọlé yìí. Bí ‘Gewalt’ bá dá wà lẹ́yìn ìwé, òǹkàwé lè rò pé àṣẹ ìjọba ni ìwé náà dá lé. ‘Macht’ tí ó ṣáájú gba ìtumọ̀ agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ìwà ipá nìkan sílẹ̀ fún un. Àmọ́ nǹkan sọnù. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì tọ́ka sí ohun kan ṣoṣo ní àkókò rògbòdìyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ogun Vietnam. Ti Jámánì dàbí ìwé tí ó pín ojú sí méjì lọ́gbọọgba. Àdánù náà kéré sí èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kà á.

Àpilẹ̀kọ Walter Benjamin ti 1921, ‘Zur Kritik der Gewalt’, rin ọ̀nà kejì. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ó di ‘Critique of Violence’. Ẹni tí ó bá ka àkọlé yìí yóò retí ìbáwí fún oníjàgídíjàgan, bẹ́ẹ̀ ni Benjamin ń wádìí àjọṣe ‘Gewalt’ pẹ̀lú òfin: èyí tí ó ń dá òfin sílẹ̀ àti èyí tí ó ń dá ààbò bò ó. Jacques Derrida tọ́ka sí i pé ‘violence’ kò gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà. A gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ìtumọ̀ Arendt fi alábàárìn ti ọ̀rọ̀ náà. Ti Benjamin gé ìdajì rẹ̀ sọnù.

Òfin Àti Ọmọ

Ìwé Òfin Ará Ìlú Jámánì, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1900, pe ẹ̀tọ́ òbí lórí ọmọ ní ‘elterliche Gewalt’. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1980 ni wọ́n ti yí i padà sí ‘elterliche Sorge’, ìtọ́jú òbí. Ní ọdún 2000, òfin náà fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ‘gewaltfreie Erziehung’, ìtọ́sọ́nà tí kò ní ‘Gewalt’ nínú, ó sì ka ìyà tí a fi ń jẹ ara ọmọ léèwọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ orúkọ ẹ̀tọ́ òbí títí di 1979 ti di orúkọ ohun tí òbí kò gbọdọ̀ ṣe. Kì í ṣe atúmọ̀ èdè ni ó mú ìyípadà yìí wá; àwọn aṣòfin ni ó pinnu pé òbí kò gbọdọ̀ tún máa gbé méjèèjì sínú àpò kan. Ògbufọ̀ tí ó bá fi ‘parental violence’ túmọ̀ gbólóhùn 1900 ti purọ́ mọ́ àwọn baba ìgbà náà. Ẹni tí ó bá sì fi ‘authority’ túmọ̀ ti 2000 ti sọ pé kí ọmọ máa dàgbà láìsí àṣẹ òbí.

Ẹ̀kọ́ Fún Kíláàsì Wa

‘Ipá’ nínú Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. A ń sọ pé ẹnì kan sa ipá rẹ̀, ìyìn ni. A ń sọ pé ó fi ipá gba nǹkan, ẹ̀sùn ni. ‘Ìwà ipá’ nìkan ni kò ní ojú méjì. Nítorí náà, a dá àbá pé kí olùkọ́ ìtumọ̀ èdè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti béèrè kí ó tó kọ ‘violence’ sí èdè kankan: ta ni ó ń lo ipá náà, ta ni ó gbà á láyè, ta ni ó sì ń jìyà rẹ̀? Kí a fi gbólóhùn dá wọn wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn tí ń kọ́ni ní Haúsá, Ígbò, Lárúbáwá àti Faransé pẹ̀lú wa sì fi àwọn ìbéèrè yìí yẹ ọ̀rọ̀ èdè tiwọn wò.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ‘Gewalt’ ni ìtumọ̀ tí ó sún mọ́ ‘violence’ jù, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rere máa ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn ṣọ́ ọ. Olùkọ́ tí ó mú pàṣán lọ́wọ́ lè sọ pé àṣẹ ni òun ń lò. Ojúṣe àwa tí a ń kọ́ èdè ni láti fún ọmọ tí wọ́n ń nà ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i.