Asọ̀rọ̀mágbèsì ní Olówógbowó

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn bàbá wa rò nípa rédíò, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, wọ́n pè é ní amóhùnmáwòrán, nítorí ohun méjì tí ó ń gbé wá fún wa. Ṣùgbọ́n rédíò ní tirẹ̀, ohun tí kì í gbà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ̀gàn díẹ̀ wà nínú orúkọ náà. Láàárín wa, apàlọ́ pàápàá, bí ó bá ti ní “Ààlọ́ o,” ó gbọ́dọ̀ dúró gbọ́ “Ààlọ̀” kí ó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn àwọn ilé iṣẹ́ rédíò Èkó, nítorí àwọn tí ń sọ ìtàn wọn a máa ka orin àti èdè tí wọ́n ń pààrọ̀, wọn kì í bèèrè bóyá èsì wọlé.

Ìyá bàbá mi dàgbà ní Olówógbowó, ní etí ìwọ̀ oòrùn Erékùṣù Èkó, níbi tí àwọn Sàró tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n padà wálé. Ó sọ fún mi pé àpótí kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn nígbà èwe rẹ̀, tí wáyà ń gbé ohùn wọ inú rẹ̀. Rédífúṣọ̀n nìyẹn, tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935. Kò sí ohun tí a lè yí lára rẹ̀ ju pé kí ohùn ròkè tàbí kí ó rẹlẹ̀. Mo bi Màmá Àgbà pé kí ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. “Òyìnbó ni,” ni wọ́n wí. “Bàbá mi ní kí á má pa á, nítorí a ti sanwó oṣù.”

Nígbà tí Nigerian Broadcasting Service bẹ̀rẹ̀ ní 1951, ìlù ni wọ́n fi ń kéde ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ní ìlù náà ń sọ, orúkọ ilé iṣẹ́ wọn gan-an. Ṣùgbọ́n ìlù kò mọ kọ́ńsónáǹtì. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó mọ̀, olùgbọ́ ni ń fi ọ̀rọ̀ sí i. Ní Ìbàdàn, àwọn ènìyàn gbọ́ ọ pé ìlù ń bèèrè ẹni tí yóò joyè bí Olúbàdàn bá wàjà. Ọ̀pọ̀ ló ka èyí sí ẹ̀fẹ̀. Èmi kà á sí èsì àkọ́kọ́ tí rédíò gbà ní ilẹ̀ wa, ó sì dára ju ọ̀pọ̀ èsì tí mo ń gbọ́ lónìí.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá Radio Lagos sílẹ̀ ní 1977. Yorùbá ni ó gbájú mọ́ lónìí, Eko FM tí í ṣe àbúrò rẹ̀ sì mú Gẹ̀ẹ́sì. Òfin 1992 ṣílẹ̀kùn fún aládàáni, Ray Power sì ṣáájú gbogbo wọn ní 1994, pẹ̀lú orin tọ̀sán tòru. Ó tún ń ta àtagbà ìròyìn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù, títí àjọ tí ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ fi ka irú rẹ̀ léèwọ̀ ní 2004. Ẹ ò rí i pé àpótí ara ògiri ti padà wọlé, wáyà nìkan ni kò sí níbẹ̀ mọ́!

Wazobia FM dé ní 2007. Wá, zo, bia: ọ̀rọ̀ Yorùbá, ti Haúsá àti ti Ìgbò ni ó fi jẹ́ orúkọ, ṣùgbọ́n píjìn ni ó fi ń sọ̀rọ̀. N kò bú u. Ní Olówógbowó, píjìn kì í ṣe àlejò. Ìbátan Kiríò tí àwọn Sàró ń sọ ni. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ tí ó ni Ray Power dá Faaji FM sílẹ̀, ó fún Yorùbá ní àyè tirẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan yọ̀ pé èdè wa ti borí. Níbí ni mo ti yapa sí wọn. Bí ẹni tí ó ń polówó àgbo bá fi owó ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí ó fi Yorùbá tí ó jiná sọ ọ́ láì sí ẹni tí ó lè bi í léèrè, kí ni ó fi sàn ju Lọ́ńdọ̀nù lọ? (Orúkọ àdúgbò wa kò bá a mu rárá: olówó kì í gbowó lórí rédíò, ńṣe ni ó ń san án.)

Wọn yóò ní àwọn olùgbọ́ ń pe fóònù. Mo ti pè rí. Ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ ní kí á wá ṣàlàyé òwe kan, mo sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí ó kàn mí, atọ́kùn bèèrè ibi tí mo ti ń pè. Ó kí àwọn ará Olówógbowó, ó kí olówó tí ó gbé ètò náà kalẹ̀, ó ní kí èmi náà kí àwọn ènìyàn mi. Bí mo ti ní “Òwe yìí,” ó ní “Ẹ ṣé, a ti gbọ́ yín,” orin sì wọlé.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti rí i tí orúkọ àtijọ́ náà kò bá rédíò mu mọ́: Lagos Traffic Radio, 96.1, tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2012. Kò sí ẹni tí yóò ní Yorùbá ibẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ kò bá sọ ibi tí ọ̀nà ti dí, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán. Ní oṣù Kẹta 2022, iná jó lábẹ́ Afárá Èkó ní Apọ́ngbọ̀n, lẹ́bàá wa níbí, wọ́n sì ti afárá náà. Màmá Àgbà ní kí n yí rédíò sí ibi tí àwọn awakọ̀ ti ń fèsì. Wọ́n jókòó tì í bí ẹni tí ó wà nípàdé. Nígbà tí ẹnì kan ṣi orúkọ òpópónà kan pè, wọ́n kígbe mọ́ rédíò pé, “Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn!” Kí n tó mú fóònù mi jáde, ẹlòmíràn ti pè wọlé, ó ti tún un ṣe.