Àdáṣe àbí Àjọmọ̀: Ohun tí Mo Gbọ́ nínú Techno Ìlú Detroit

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ nígbà kan fi orin kan ránṣẹ́ sí mi. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ló fi ṣe é nínú yàrá rẹ̀: orin ijó tí kò ní ju ìlù, ohùn dùùrù oníná àti gbólóhùn méjì lọ. Ó ní, "Prof, ẹ dákun, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbé e jáde, wọ́n ti fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fọwọ́ sí i, tiwọn ni orin náà títí láé. Ṣé kí n fọwọ́ sí i, àbí kí n máa dá a ṣe lọ?"

Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdáhùn gidi. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi á rántí pé mo máa ń sọ pé orin tí ẹ̀rọ bá lù kì í ṣe orin, pé bọ́tìnnì lásán ni wọ́n ń tẹ̀. Mo sọ ọ́ láì gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ dáadáa rí. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè tẹ́tí sí i, orin techno ìlú Detroit, ní Amẹ́ríkà, ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò ni Detroit. Motown, ilé-iṣẹ́ orin tí Berry Gordy dá sílẹ̀ níbẹ̀, kó lọ sí Los Angeles ní 1972. Nígbà tí Juan Atkins, tí wọ́n bí ní 1962, fi máa dàgbà, ilé-iṣẹ́ tí ọmọ aláwọ̀ dúdú ìlú náà ìbá gbé orin rẹ̀ lọ bá ti lọ. Òun àti Rik Davis dá ẹgbẹ́ Cybotron sílẹ̀, wọ́n sì fúnra wọn gbé "Alleys of Your Mind" jáde ní 1981, lábẹ́ orúkọ Deep Space. Lẹ́yìn náà ni Fantasy, ilé-iṣẹ́ kan ní California, gbà wọ́n, tó sì gbé àwo "Enter" jáde ní 1983. Inú àwo yẹn ni "Clear" wà. Davis fẹ́ kí orin wọn súnmọ́ rọ́ọ̀kì, Atkins ò fẹ́. Ó kúrò níbẹ̀, ó dá Metroplex tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1985, orin tó sì fi ṣí i ni "No UFOs", lábẹ́ orúkọ Model 500.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ orin yìí bí a ṣe ń gbọ́ dùndún. Nínú ọ̀wọ́ ìlù dùndún, gúdúgúdú kì í kúrò lójú kan. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Nínú "No UFOs", ìlù ẹ̀rọ ló ṣe iṣẹ́ gúdúgúdú, ohùn ìsàlẹ̀ sì ń fò sókè-sódò lórí rẹ̀. Ohùn Atkins fúnra rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì pariwo. Àléébù ni mo kọ́kọ́ pè é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orin náà dá lórí àwọn tó ń sọ fún aráàlú pé kò sí ìrètí, pé kò sí nǹkan kan lójú ọ̀run tó yẹ kí wọ́n gbójú sókè wò. Bí ẹni ń sọ àṣírí síni létí ni Atkins ṣe sọ ọ́, ó sì bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ẹ̀rọ ò lè yan ohùn bẹ́ẹ̀ fún un. Ibi tí mo ti ń bá ọ̀pọ̀ orin techno jà ni gígùn: òmíràn gùn kìkì nítorí pé kì í rẹ ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ àdáṣe wá ńkọ́? Àwọn àgbà ní àdáṣe ní í hun ọmọ, àjọmọ̀ kì í hun ọmọ. Ìyá àgbà Atkins ló ra dùùrù oníná Korg MS-10 fún un. Electrifying Mojo ló ń lu orin Cybotron lórí rédíò Detroit. "Strings of Life", tí Derrick May gbé jáde ní 1987 lábẹ́ Transmat tirẹ̀, orí dùùrù tí Michael James tẹ̀ ló dúró lé. Ilé-iṣẹ́ Archer, níbẹ̀ ní Detroit, ló ń tẹ àwo fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1992 ni àwọn Underground Resistance, ìyẹn ẹgbẹ́ tí Mike Banks àti Jeff Mills dá sílẹ̀, dá Submerge sílẹ̀ láti máa pín àwo àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ìlú náà. Ṣé ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó dá a ṣe nínú wọn. Ohun tí wọ́n dì mú ni pé àwọn ló ni orin, àwọn ló sì ń pinnu ìgbà àti ọ̀nà tí yóò gbà jáde.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní 2005, Missy Elliott mú lára "Clear" sínú "Lose Control". Ọdún 22 ti kọjá! Orin tí èèyàn ṣe nígbà èwe lè padà wá mówó wọlé nígbà tó bá ti di bàbá àgbà, ẹni tí ìwé bá sì sọ pé ó ni ín ni yóò gbọ́ tirẹ̀.

Ní 2018, Jeff Mills yìí kan náà bá Tony Allen, ọmọ Èkó tó lùlù fún Fela nínú Africa '70, ṣe "Tomorrow Comes the Harvest". Mo gbà á nímọ̀ràn fún ẹni tó bá ṣì ń sọ ohun tí mo máa ń sọ. Ẹ̀rọ Mills dúró, ó fàyè sílẹ̀, ọwọ́ Tony Allen sì ń rìn láàárín rẹ̀ bí ẹni tó mọ ilé. Blue Note ló gbé e jáde, ilé-iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì wọ ibẹ̀, ọwọ́ wọn ti tẹ èèkù idà.

Nítorí náà, ọmọ mi, ìdáhùn mi rèé. Ó rọrùn báyìí láti gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì; kí wọ́n gbọ́ ọ ló ṣòro. Ìrànlọ́wọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ ṣe fún ọ lórí ìyẹn kì í ṣe yẹpẹrẹ. Ní kí wọ́n yá orin náà fún iye ọdún kan, kó padà sọ́wọ́ rẹ. Tí wọ́n bá kọ̀, má fọwọ́ sí i. Wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣe irú rẹ̀, kí ẹ jọ gbé tiyín jáde. Orin náà dára títí dé ìṣẹ́jú kẹrin; lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ nìkan ló kù níbẹ̀. Gé e. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní kíláàsì lọ́jọ́sí, àṣìsọ ni. Ẹ má bínú, gbogbo yín.