Lórí Orúkọ Iyùn nínú Ìwé Ẹ̀kọ́

Ọmọ Yorùbá tí ń gbé Kumasi, ìlú tí ó jìnnà sí òkun ju 150 kìlómítà lọ, mọ iyùn ní ìlẹ̀kẹ̀: ohun tí a ti gé, tí a ti dán, tí a sì ti lu. Nígbà tí ìwé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ sọ fún un nípa ẹ̀dá alààyè tí iyùn ti wá, àti nípa àwọn ìbátan rẹ̀ tí ara wọn rọ̀, orúkọ wo ni kí ó lò? Mẹ́ta ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò.

Èkíní ni òkúta òkun. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ka iyùn mọ́ òkúta iyebíye. Ìdí nìyí tí Bíbélì Yorùbá fi lò ó nínú Ìwé Òwe, orí 31. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí kò ní egungun líle kò lè jẹ́ òkúta.

Èkejì ni òdòdó òkun. Àṣìṣe àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ nìyí, kí Peyssonnel, ará Faransé, tó ṣàkíyèsí ní àwọn ọdún 1720 pé ẹranko ni ohun tí wọ́n ń pè ní òdòdó lára iyùn. Olùdánwò tí ó bá gba orúkọ yìí wọlé ń kọ́ ọmọ pé ewéko ni ẹranko.

Ẹ̀kẹta, iyùn rírọ̀, ni ó sàn jù. Iyùn pupa ti ìlẹ̀kẹ̀, *Corallium rubrum* ti Òkun Mẹditaréníà, ní ọwọ́ wẹ́wẹ́ mẹ́jọ tí etí wọn rí bí ìyẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àwọn tí ara wọn rọ̀. Mẹ́fà tàbí ìlọ́po mẹ́fà ni ti àwọn tí ń mọ òkìtì òkúta sínú òkun. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wa àtijọ́ kò ṣìnà. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ tí wọ́n fi DNA tún ẹgbẹ́ náà tò fi *Anthomastus*, tí ara rẹ̀ rọ̀, sínú ìdílé *Corallium* gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níbí. Rírọ̀ ń ṣe àpèjúwe ara ni, kò sọ ìdílé. Àwọ̀ pàápàá kò tó láti fi dá irú kan mọ̀. Awò tí ń sọ nǹkan wínníwínní di ńlá ni a fi ń wo ẹ̀rún egungun kéékèèké inú ẹran ara rẹ̀. Ìrísí wọn ni ẹ̀rí. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé. Kí àwọn òǹtẹ̀wé má ṣe yọ àmì ohùn kúrò: rírọ̀ ni ohun tí kò le, rírọ ni iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ìwé tí ó bá gbàgbé àmì kan ti gbé iyùn lọ sí ilé arọ. Orúkọ Látìn ńkọ́? Kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, láìsí àmì ohùn, kí lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan. Kí àwọn olùdánwò sì fún ọmọ tí ó bá ka ọwọ́ mẹ́jọ ní máàkì, ìbáà jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni ó fojú rí rí.