Ṣé Ó Yẹ Ká Dúpẹ́ Nítorí Ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan lọ síbi ìsìnkú ọmọdékùnrin tí awakọ̀ kan tó mutí yó gbá pa. Oníwàásù ibẹ̀ ní kí àwọn òbí ọmọ náà má sunkún jù, pé ẹ̀ṣẹ̀ awakọ̀ yẹn ti wà nínú ètò Ọlọ́run, gẹ́gẹ́ bí ti Ádámù ṣe wà níbẹ̀. Ó wá bi mí pé: "Prof, ṣebí ohun tí Milton tí ẹ fi kọ́ wa sọ náà nìyẹn?"

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe Milton ló dá èrò náà sílẹ̀. Lóru Àjíǹde, orin àtijọ́ tí díákónì máa ń kọ nídìí àbẹ́là ńlá, Exsultet, ka ẹ̀bi Ádámù sí ẹ̀bi tó bọ́ sí rere, torí pé òun ló mú irú Olùgbàlà yẹn wá. Nínú ìwé 12 Paradise Lost, ẹ̀dà ti 1674, áńgẹ́lì Máíkẹ́lì sọ bí Kristi ṣe máa wá fún Ádámù. Inú Ádámù dùn débi pé kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe, yálà kí òun kábàámọ̀ ni tàbí kí òun máa yọ̀. Ní 1937, Arthur Lovejoy kọ àròkọ olókìkí kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gbà láti ìgbà náà pé èrò Milton fúnra rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ádámù ni. Nígbà tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìwé 11, ohun tó sọ ni pé ayọ̀ ènìyàn ì bá pọ̀ jù báyìí lọ ká ní ó mọ rere nìkan, tí kò mọ ibi rárá. Ní ìwé 5, kí ẹ̀ṣẹ̀ tó dé, Ráfáẹ́lì ti sọ fún Ádámù pé tó bá ń gbọ́ràn, ara rẹ̀ lè di ẹ̀mí díẹ̀díẹ̀, kó sì máa gòkè bí áńgẹ́lì. Ọ̀nà ọ̀run ti wà nílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ló là á.

Ẹ tún wo ẹni tó ń ṣírò èrè yìí. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ádámù ló ń yọ̀; Ébẹ́lì, tí Kéènì pa lójú rẹ̀ nínú ìran ìwé 11, kò sí níbẹ̀ láti dá sí i. Milton pàápàá kò jẹ́ kí ayọ̀ náà pẹ́: kíá ni Ádámù béèrè ohun tó máa dé bá àwọn olóòótọ́ lẹ́yìn tí Kristi bá gòkè lọ, Máíkẹ́lì sì dáhùn pé inúnibíni ń bọ̀.

Síbẹ̀, mi ò ní da orin Àjíǹde nù. Thomas Aquinas rò pé ká ní ẹ̀ṣẹ̀ ò sí, Kristi kì bá tí di ènìyàn, àmọ́ ó gbà pé Ọlọ́run lágbára láti wá náà. Ní ti Duns Scotus, wíwá Kristi ò so mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní Ọlọ́run nílò ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹnì kan bá já lórí ọ̀pẹ, tí oníṣègùn to egungun rẹ̀ tó sì tún ń rìn, ó lè máa yin ọjọ́ tó mọ oníṣègùn yẹn. Ẹnu tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn. Bí oníṣègùn bá wá ní òun nílò kó já kí òun lè lókìkí, a ó sá fún un. Pọ́ọ̀lù náà béèrè nínú Róòmù 6 bóyá ká máa dẹ́ṣẹ̀ nìṣó kí oore-ọ̀fẹ́ lè pọ̀ sí i, ó sì ní ká má rí i.

Èsì tí mo fún akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí: orin ọpẹ́ ni orin yẹn, ẹni tí ara rẹ̀ ti yá ló ni í. A kì í fi í pa ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́nu mọ́. Jésù mọ̀ pé òun máa jí Lásárù, síbẹ̀ nígbà tó ń lọ síbi ibojì, ó sunkún.