Kaaro, Amí Tí Òǹkàwé Kò Fẹ́ràn

Ohun mẹ́ta ni àwọn òǹkàwé sábà máa ń sọ nípa Rosewater, ìwé ìtàn àròsọ Tade Thompson tó jáde ní 2016. Wọ́n ní ìtàn náà ń sáré, kò jẹ́ kéèyàn mí. Wọ́n ní ó ń fò síwá fò sẹ́yìn, kò jẹ́ kéèyàn mọ ọdún tí òun wà. Wọ́n sì ní Kaaro, amí tó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn, kò ní ìwà tó ṣeé fẹ́ràn. Òótọ́ ni ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Ìkẹta ló ní ẹjọ́ nínú, mo sì rò pé ẹni tó bá fi ojú ará Òkè-Ògùn, àgbègbè kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ka ìwé náà lè dá a bó ṣe yẹ.

Ọmọ Yorùbá ni Thompson. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i, Nàìjíríà ló ti dàgbà, dókítà ọpọlọ sì ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé yìí ló gba àmì-ẹ̀yẹ Arthur C. Clarke ní 2019. Ọdún 2066 ni ìtàn náà wáyé, ní ìlú kan ní Nàìjíríà tó hù yí ilé ràgàjì ẹ̀dá kan ká, ẹ̀dá tó ti gbalasa òfuurufú bọ́ sílẹ̀ ayé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ilé náà ń ṣí, tí aláìsàn ń gba ìwòsàn; òkú náà a sì máa dìde, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó kú ló ń padà wá. Èbu tíntìntín tí ojú kò lè rí ti bá ẹ̀dá náà wọ inú afẹ́fẹ́, òun ni Kaaro fi ń wọ inú ọkàn ẹlòmíràn. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́: òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, wọ́n ń ka ìwé àwọn ọ̀mọ̀ràn àtijọ́, kí ariwo ìwé kíkà lè dí olè inú ọkàn lọ́nà. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fún ìwé kíkà ní iṣẹ́ ọlọ́dẹ tó dùn tó báyẹn.

Ní ti síwá-sẹ́yìn, àwa tí a ka Ọmọ Olókùn Ẹṣin (1969) Adébáyọ̀ Fálétí kò yẹ kó tètè sú wa. Ìtàn bí Òkè-Ògùn ṣe fẹ́ bọ́ kúrò lábẹ́ Olúmokò, ọba tó ń jẹ gàba lé wọn lórí, ni, Àjàyí, aṣáájú ìjà náà, nìkan kọ́ ló sì sọ ọ́. Ìbíwùmí àti Àyọ̀wí náà gba ọ̀rọ̀ sọ. Òǹkàwé ló ń so ó pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ìwà. Olè ni Kaaro kó tó di amí, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára obìnrin. Àwọn tó bínú sí èyí kò ṣìnà: nínú ìwé kìn-ín-ní, ojú rẹ̀ nìkan la fi ń rí Aminat, olólùfẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì dín obìnrin náà kù. Nínú ìwé kejì, The Rosewater Insurrection (2019), Thompson pín ẹnu ìtàn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, Aminat sì yọ bí ọ̀kín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí amí jẹ́ ọmọlúàbí ń wá nǹkan míì. Lápàdé tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí dá nínú ìwé ìtàn rẹ̀, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni, kì í sì í dúró de òfin. Síbẹ̀ a ń tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè mi ni pé, ta ló mú okùn Kaaro? S45, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba, ni. Olè ni wọ́n mú nítorí pé ẹni tí a ká mọ́ kò lè kọ iṣẹ́. Irú ojú ìjọba bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ará Òkè-Ògùn: láyé Ọ̀yọ́ Ilé, ajẹ́lẹ̀ Aláàfin a máa gbé nínú ìlú abẹ́ rẹ̀, ó ń rí sí ìṣákọ́lẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ọba ìlú. Ní 1916, Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò ní Òkè-Ògùn gbé ohun ìjà nítorí ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ tuntun àti agbára tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ti ọwọ́ Ọ̀yọ́ gbé kà wọ́n lórí. Ẹni tó mọ ìyẹn kò ní béèrè bóyá Kaaro wu òun. Yóò máa wo ọ̀nà tí ìròyìn rẹ̀ ń gbà lọ sí olú-ìlú, àti ohun tí olú-ìlú ń fi í ṣe.

Bí a bá kà á báyìí, ìwé kejì kì í ṣe ogun òjijì tí àwọn kan pè é. Jack Jacques, olórí ìlú Rosewater, kéde pé ìlú náà ti kúrò lábẹ́ Nàìjíríà. Ohun tí ìwé kìn-ín-ní ti ń gbìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ló hù. Ibi tí mo ti ní iyè méjì ni pé Jacques gbé òmìnira rẹ̀ lé ẹ̀yìn Wormwood, ẹ̀dá òfuurufú tó ní ilé ràgàjì náà, ìgbà tí ara Wormwood kò sì yá, gbogbo ìlú ló ń gbọ̀n. Fálétí kò fún Àjàyí ní irú alágbàtọ́ bẹ́ẹ̀.