Àríwísí: Kí A Rí Kí A Tó Wí

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ yìí, àríwísí, palẹ̀, a ó bá ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀. Rírí ni ó ṣáájú, wíwí ni ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá wí láìrí, ohun mìíràn ni ó ṣe.

Ṣùgbọ́n orúkọ rere yìí ti bàjẹ́ díẹ̀ ní ẹnu àwọn ènìyàn. Bí a bá pe ẹnìkan ní aláríwísí, ohun tí a ń wí ni pé kò sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe dà á pọ̀ mọ́ èébú àti ẹ̀gàn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Èébú a máa bá ènìyàn jà. Ẹ̀gàn a máa kọ oyin, bẹ́ẹ̀ ni kò pé kí oyin má dùn. Àríwísí ni ó ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan gbé wọ́. Ó lè ta ni bí ata, ṣùgbọ́n títa kọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìlú Èkó fún wa ní àpẹẹrẹ méjì lára ẹnì kan ṣoṣo. Ní 1920, Herbert Macaulay bá Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, lọ sí London nítorí ilẹ̀ Apápá tí ìjọba gbà, tí wọn kò sì fẹ́ san owó rẹ̀ ní kíkún. Ọ̀rọ̀ wọn sí ìjọba korò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, àṣà ìdílé lórí ilẹ̀ sì wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti wò. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọba dá Olúwa láre.

Ní 1928 ẹ̀wẹ̀, ìwé ìròyìn Macaulay, Lagos Daily News, tẹ àhesọ kan jáde pé àwọn kan ń gbèrò láti pa Ọba Èṣùgbàyí Elékòó, ẹni tí ìjọba ti lé kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1925. Ilé ẹjọ́ sọ Macaulay sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ahọ́n kan náà ni, mímú rẹ̀ kò sì dín. Ṣùgbọ́n etí ni ó ṣáájú níhìn-ín, kì í ṣe ojú.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí àròkọ ọmọ kò bá dára, ẹ fi ìka lé ìlà tí ó wọ́, kí ẹ tó wí. Bí ọmọ náà tilẹ̀ sunkún, yóò mọ ohun tí yóò tún ṣe. Ẹni tí a kàn pè ní olódo kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.